Ẹ Béèrè, Ẹ Ó Gbọ́: Vitrum, Ọ̀rọ̀ Dígí Tó Dé Inú Ojú, Ara Táìlì àti Oko Kòkó

Lẹ́tà mẹ́rin la yàn fún oṣù yìí, gbogbo wọn láti ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí. Àwọn tó kọ wọ́n kò mọ ara wọn, ṣùgbọ́n ìdílé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè. Èyí tó gùn jù la fi ṣáájú, nítorí ọ̀rọ̀ ìlera wà nínú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Òkun o, ẹ̀yin olóòtú wa. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Mọ̀pà ni mo ń gbé. Ó ti tó oṣù díẹ̀ tí mo ti ń rí nǹkan dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan lójú ọ̀tún mi, bí ìrépé òwú, tó máa ń sáré tẹ̀ lé ibi tí mo bá wò, pàápàá bí mo bá gbójú sókè tàbí tí mo bá kọjú sí ògiri funfun. Dókítà ojú yẹ̀ mí wò, ó kọ vitreous sínú fáìlì mi, ó ní ọjọ́ orí ló fà á, kí n má fòyà, ṣùgbọ́n kí n tètè padà wá bí mo bá ń rí ohun tó ń kọ mànà lójú. Ọmọ mi ọkùnrin tó ń ta táìlì ní Kàbà ka ìwé náà, ó ní ọ̀rọ̀ yìí jọ vitrified tí wọ́n ń kọ sára páálí ọjà òun. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló pa ojú mi pọ̀ mọ́ táìlì? Ṣé ojú mi ti ń di òkúta ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o, Bàbá, ojú yín kò di òkúta. Ọmọ yín náà kò sì ṣì í wí, nítorí ìyá kan ló bí ọ̀rọ̀ méjèèjì. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni wọ́n ń pe dígí ní vitrum ní èdè Látìn wọn, ohun tó bá sì jọ dígí ni wọ́n ń pè ní vitreus. Láti ibẹ̀ ni àwọn ará Ítálì ti rí vetro, tí àwọn Potogí rí vidro, tí àwọn Faransé sì ń pe gíláàsì ojú fèrèsé ní vitre. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ní orúkọ tiwọn fún dígí kí ọ̀rọ̀ Látìn yìí tó bá wọn nílé, nítorí náà wọn kì í fi pe ife tàbí ìgò. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún ohun tí kì í ṣe dígí gan-an ṣùgbọ́n tó ní ìwà dígí kan lára. Ìwà dígí sì pọ̀: ó mọ́ gaara, ó ń dán, omi kì í wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá pàdé ọmọ vitrum níbikíbi, kí ó kọ́kọ́ wádìí èwo nínú ìwà wọ̀nyí ni wọ́n ní lọ́kàn. Ní ti ojú yín, mímọ́ gaara ni. Ní ti táìlì ọmọ yín, àìmumi ni.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ojú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wọlé, yóò gba ihò dúdú àárín ojú kọjá, yóò gba inú lẹ́ńsì, kó tó dé awọ fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn pátápátá tí wọ́n ń pè ní rẹ́tínà, níbi tí ojú ti ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iṣẹ́ tó ń rán sí ọpọlọ. Àárín lẹ́ńsì àti rẹ́tínà kò ṣófo. Ohun kan kún ibẹ̀ tó ki, tó sì mọ́, tó rí bí omi funfun inú ẹyin adìyẹ tí a kò tíì sè, òun sì ni dókítà yín pè ní vitreous. Ó gba nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ẹyinjú, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí mílílítà 4 lọ nínú ojú àgbàlagbà. Omi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀, ìdá 98 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyókù ni okùn kọ́lájìn tínínrín, tí ojú lásán kò lè rí, pẹ̀lú èròjà kan tó ń di omi mú kó má ṣàn. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn okùn náà bá fọ́n káàkiri lọ́gbọọgba, ìmọ́lẹ̀ á gba àárín wọn kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, pàápàá lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, ohun kíki yìí a máa yọ́ di omi níhìn-ín, a sì máa sún kì lọ́hùn-ún. Àwọn okùn inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á di ìdìpọ̀ wẹ́wẹ́, òjìji ìdìpọ̀ wọ̀nyí lórí rẹ́tínà ni ẹ sì ń rí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ojú ọ̀run tó mọ́ tàbí ògiri ọ̀dà funfun ló ń tú u fó, tí ẹ kò sì ní í rí i nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Bí ẹ bá yí ojú, ohun tó gbé e dání á mì, òun náà á sáré. Bí ẹ bá tẹjú mọ́ ibì kan, á rọra sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà máa ń sọ pé eṣinṣin ló ń fò lójú àwọn, wọ́n á sì máa ju ọwọ́ lé e. Ẹlòmíràn á ra oògùn ojú lọ́wọ́ ẹni tó ń polówó nínú bọ́ọ̀sì, tàbí kí ó fún oje ewé sí i. Ẹ má dán èyí wò, Bàbá. Inú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn lẹ́ńsì, ni ohun tí à ń sọ wà. Ohun tí a bá kán sójú láti òde kò lè tú ìdìpọ̀ náà, ó sì lè ba iwájú ojú jẹ́ mọ́ ọn.

Ní ti mànàmáná tí dókítà ní kí ẹ máa ṣọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí. Bí ohun kíki náà bá sún kì títí, yóò já kúrò lára rẹ́tínà tó ti lẹ̀ mọ́ láti ìgbà èwe. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ń já, kò sì sí ewu. Ṣùgbọ́n bí ó bá fa rẹ́tínà, ojú á rí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ yẹ̀rì láìsí iná níbẹ̀, àní nínú òkùnkùn pàápàá. Bí rẹ́tínà bá wá ya, omi lè gba ojú yíya náà wọ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká a kúrò lára ògiri. Nítorí náà, bí àwọn nǹkan dúdú náà bá pọ̀ sí i lójijì, bí mànàmáná bá tẹ̀ lé e, tàbí bí òkùnkùn kan bá ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ojú bí aṣọ ìkélé, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò dín owó; ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gba Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin lọ. Ojú yíya tí a tètè rí, iná lésà lè lẹ̀ ẹ́ pa. Èyí tó bá ti ká tán, iṣẹ́ abẹ ni, ohun tí ojú sì ti pàdánù lè má padà pé mọ́. Kí àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, àwọn tí kì í rí ọ̀ọ́kán láti kékeré àti àwọn tí nǹkan ti bà lójú rí ṣọ́ra ju àwọn yòókù lọ. Ti alátọ̀gbẹ tún yàtọ̀ díẹ̀: iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun tí kò lágbára lè hù sórí rẹ́tínà rẹ̀, kí ó bẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ sì dà sínú ohun tó yẹ kó mọ́ gaara.

Bí ó bá wá di dandan, wọ́n lè yọ vitreous kúrò. Ọdún 1970 ni Robert Machemer, dókítà ará Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Miami ní Amẹ́ríkà, gba ihò bíńtín lára ẹyinjú wọlé, tó fi irinṣẹ́ kan tó ń gé tó sì ń fà á mu yọ ọ́. Ojú kì í pèsè òmíràn rọ́pò rẹ̀. Omi oníyọ̀, afẹ́fẹ́ tàbí òróró sílíkóònù ni wọ́n ń dà síbẹ̀, ojú sì ń ríran.

Ó kan táìlì, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín náà gbọ́. Amọ̀, yanrìn funfun àti lílọ̀ òkúta feldspar ni wọ́n ń pò pọ̀, tí wọ́n ń tẹ̀, tí wọ́n sì ń sun nínú ààrò tó gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 1,200 Sẹ́ńtígíréètì. Nínú iná yẹn, feldspar á yọ́, á di dígí, á ṣàn wọ gbogbo ihò tó wà láàárín amọ̀, á sì dí wọn pa. Òun ni wọ́n fi ń pè é ní vitrified: a ti sọ ọ́ di dígí. Òdiwọ̀n àgbáyé fún irú táìlì bẹ́ẹ̀ ni pé omi tó máa mu kò gbọdọ̀ ju ìdáji ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Táìlì kìlógíráàmù 10 kò gbọdọ̀ mu ju gíráàmù 50. Táìlì ògiri olówó pọ́ọ́kú lè mu ju ìlọ́po ogún ìyẹn lọ. Kò yẹ kí oníbàárà kankan gbẹ́kẹ̀ lé ohun tó wà lára páálí nìkan. Kí ó dojú táìlì bolẹ̀, kí ó kán omi sí ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò ní dídán, kí ó sì dúró díẹ̀. Èyí tó jẹ́ ojúlówó, omi á jókòó lé e lórí, ẹ ó fi aṣọ nù ún kúrò, ibẹ̀ á sì gbẹ bí ó ti wà. Lára èkejì, omi á rì, ojú ibẹ̀ á sì dúdú.

Àìmumi yìí náà ló ń dá wàhálà sílẹ̀ fún àwọn bíríkìlà wa. Táìlì àtijọ́ ni wọ́n ń rẹ sínú omi kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, kó má bàa fa omi inú sìmẹ́ńtì mu. Rírẹ vitrified kò wúlò fún ohunkóhun. Sìmẹ́ńtì lásán kì í sì í dì í mú dáadáa, nítorí kò rí ihò tó máa fi ìka há. Àtè táìlì tó wà nínú àpò ni wọ́n ṣe fún un. Ilé tí wọn kò bá lò ó, kò ní í pẹ́ tí ẹ ó fi máa gbọ́ dùn-ún-dùn-ún lábẹ́ bàtà bí ẹ bá ń rìn nínú pálọ̀, kí gbogbo rẹ̀ tó wá gbéra nílẹ̀. Ẹ kò sì ní láti wo òkèèrè fún ọjà yìí: Ajàòkúta níhìn-ín, nínú ìpínlẹ̀ wa, ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe táìlì wà.

Ìjókòó funfun inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ onómi náà, ọmọ ìyá táìlì yìí ni. Abọ́ tánganran ayé àtijọ́ náà wà nínú ìdílé yìí, àmọ́ irin ni abẹ́ rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú dígí ni wọ́n dà sí i lára tí wọ́n sì fi iná tó tó nǹkan bí ìwọ̀n 800 yọ́ mọ́ ọn. Bí ilé yín bá ṣì ní ọ̀kan, ẹ wo etí rẹ̀ níbi tó ti jálẹ̀ rí: àwọ̀ funfun ti bẹ́ kúrò níbẹ̀, irin dúdú yọjú, ìpẹtà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí i ká.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti ṣe díẹ̀ tí èmi àti ọkọ mi ti ń retí ọmọ. Dókítà ní Lọ́kọ́ja dárúkọ IVF fún wa, ó ní in vitro ni I àti V inú rẹ̀ dúró fún. Ìyá ọkọ mi gbọ́ pé inú ìgò ni wọ́n ti ń bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti kọ̀ jálẹ̀. Aládùúgbò wa kan sì ní fítámì ni V yẹn ń sọ. Ta ni kí n gbà gbọ́?

ÌDÁHÙN: Arábìnrin wa, Ọlọ́run á fi ọmọ tuntun jíǹkí yín. In vitro túmọ̀ sí inú dígí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín ti rí ẹsẹ̀ dúró. Ìgbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń fi ife àti abọ́ dígí ṣe gbogbo iṣẹ́ wọn ni wọ́n ti fún ohun tí a bá ṣe lóde ara ní orúkọ yìí. Ohun tí a bá ṣe nínú ara alààyè, in vivo ni wọ́n ń pè é. Abọ́ ọ̀rá pẹlẹbẹ ni wọ́n sábà ń lò lónìí, ṣùgbọ́n orúkọ kò yí padà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú abọ́ náà kò tó ohun tí ìyá ń bẹ̀rù. Wọ́n á gba ẹyin lára ìyàwó, wọ́n á gba àtọ̀ lọ́wọ́ ọkọ, wọ́n á jẹ́ kí méjèèjì pàdé nínú abọ́, wọ́n á sì ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún péré. Nígbà tí wọ́n bá gbé e padà sínú ilé ọmọ, kò tíì tóbi ju ohun tí ẹ̀rọ awò asọhun-kékeré-di-ńlá lè fi hàn. Oyún náà á wá dàgbà nínú ìyá rẹ̀, a ó sì bí i bí a ti ń bí gbogbo ọmọ. Ẹ sọ fún Màmá bẹ́ẹ̀, ẹ má fi ìbínú sọ ọ́. Ẹ lè mú wọn dání lọ bá dókítà kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ ọ. Louise Brown ni ọmọ àkọ́kọ́ tí a bí lọ́nà yìí, ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1978 ní Oldham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Robert Edwards, Patrick Steptoe àti Jean Purdy ni wọ́n ṣe iṣẹ́ náà, Edwards sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2010. Nílẹ̀ wa níbí, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Èkó ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ashiru ti ṣe àṣeyọrí tiwọn ní 1989. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń yọrí sí oyún o, owó rẹ̀ sì ga, nítorí náà ẹ bi dókítà yín léèrè nípa méjèèjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Fítámì kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ọ̀dọ̀ vita, tó jẹ́ ìyè ní Látìn, ni fítámì ti wá. Casimir Funk ló dá orúkọ náà sílẹ̀ ní 1912. Ìró ẹnu ló jọra. Ṣùgbọ́n ẹ ó tún pàdé vitrum nílé ìwòsàn yẹn bí wọ́n bá ní kí wọ́n bá yín tọ́jú ẹyin tó kù pamọ́. Bí a bá ń mú ẹyin tútù díẹ̀díẹ̀, omi inú rẹ̀ á di yìnyín, ẹnu yìnyín sì mú, á gún un pa. Ohun tí wọ́n ń ṣe báyìí ni pé wọ́n á fi èròjà kan dín omi inú rẹ̀ kù, wọ́n á sì rì í sínú náítírójìn olómi, tí òtútù rẹ̀ lọ sí ìwọ̀n 196 sísàlẹ̀ òdo, kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí yìnyín kò fi ní í ráyè dá. Gbogbo rẹ̀ á kàn le gbagidi, á mọ́ gaara. Vitrification ni wọ́n ń pe ìyẹn náà.

ÌBÉÈRÈ: Àgbẹ̀ kòkó ni mí ní agbègbè Ìyàmoyè. Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa máa ń pe oògùn aláwọ̀ búlúù tí a ń po mọ́ ẹfun ní vitriol. Ṣé ó bá dígí tan?

ÌDÁHÙN: Ó bá a tan. Ẹ da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ tí ẹ ti wọ ìbọ̀wọ́ sí, kí ẹ gbé e sí oòrùn: wóró wóró rẹ̀ á máa dán, ìmọ́lẹ̀ á sì máa gba inú rẹ̀ yọ. Nítorí dídán yẹn ni wọ́n ṣe pè é bẹ́ẹ̀ ní Látìn. Èyí tó jẹ́ búlúù ni ti bàbà, èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé ni ti irin, ásíìdì líle tí wọ́n ń rí lára wọn ni wọ́n sì ń pè ní òróró vitriol láyé àtijọ́. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ní nǹkan bí 1885, pé búlúù yìí pẹ̀lú ẹfun ń gba èso àjàrà lọ́wọ́ àrùn. Kòkó tó ń dúdú lórí igi lásìkò òjò náà ń jàǹfààní rẹ̀. Májèlé ni. Ẹ má pò ó nínú abọ́ oúnjẹ, ẹ má sì pò ó nínú korobá irin, nítorí bàbà inú rẹ̀ á fi oògùn sílẹ̀, á sì lẹ̀ mọ́ irin. Korobá ọ̀rá ni kí ẹ lò.

ÌBÉÈRÈ: Mo kà á pé ewé kan tún wà tó ń jẹ́ vitrum. Ṣé òótọ́ ni? Àti pé, ṣé àwa náà ṣe dígí rí? Akẹ́kọ̀ọ́, Kàbà.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni. Julius Caesar kọ ọ́ pé àwọn ará Bìrìtéènì ìgbà náà ń fi vitrum kun ara kí ojú wọn lè bani lẹ́rù lójú ogun, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé ewé aró ilẹ̀ Yúróòpù ló ní lọ́kàn. Dígí àwọn ará Róòmù sábà ń ní àwọ̀ búlúù díẹ̀ nítorí irin inú yanrìn, ó sì ṣeé ṣe kí àwọ̀ ló so méjèèjì pọ̀. Èròjà tó ń mú ewé yẹn pa aṣọ láró kò yàtọ̀ sí ti èlú tí Nike Okundaye, ọmọ Ògìdì ní Ìjùmú, fi àdìrẹ rẹ̀ gbé dé òkè òkun.

Ní ti dígí, a ṣe é, ó sì pẹ́. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti hú ìkòkò amọ̀ tí dígí yíyọ́ ṣì lẹ̀ mọ́ inú wọn, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, iṣẹ́ tó wáyé láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé èròjà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti dígí tí àwọn Lárúbáwá àti òyìnbó ń kó wá, nítorí náà a kò lè sọ pé àfọ́kù ọjà àjèjì ni wọ́n kàn ń yọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, Bídà ní ilẹ̀ Nupe kò jìnnà sí yín. Àwọn Masaga, ìyẹn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ dígí ibẹ̀, ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń fi ẹwìrì fẹ́ iná, wọ́n ń yọ́ ìgò tí a ti lò tán, wọ́n sì ń fi ọ̀pá irin yí i di ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́.